Àpótí Ìwé Ìpẹ̀rù: bí a ṣe kọ́ ilé ìkàwé tí kò jẹ détà, àti bí ó ṣe kọ́kọ́ ṣòro láti rí ìwé Yorùbá nínú rẹ̀

Inú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìpàdé àdúgbò wa ní Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ ni mo ti kọ́kọ́ ka ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rán mi pé kí n kà. Yàrá náà ṣì wà. Ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tábìlì mẹ́ta, àga oríṣiríṣi tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, àti Bàbá Olùkọ́, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń tì í ní aago méje. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn lórí ilé ìkàwé yìí.

Iṣẹ́ tèmi ni títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Bàbá ránṣẹ́ pè mí.

“Àwọn ọmọ ò wá mọ́,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ní orí fóònù ni ìwé wà báyìí. Mo ní ó dáa, ẹ lọ kà á lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò ní détà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn, ní January, ni àjọ NCC, tó ń mójú tó ètò tẹlifóònù ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó ìpè àti détà, tó fi lè dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta gàrí kò lè máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ ka ìtàn. Ìwé inú ṣẹ́ẹ̀fù ti gbó, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní oníbodè lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta.

Oṣù márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ìṣarà, ní Òde Rẹ́mọ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò yẹ kí onítọ̀hún tún ṣubú sínú kòtò tí mo ti ṣubú sí.

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kiwix. Láti 2007 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó máa ń di odidi Wikipedia, ọ̀rọ̀ àti àwòrán, sínú fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ZIM, kọ̀ǹpútà kékeré kan á sì máa pín in jáde lórí Wi-Fi. Fóònù tó bá so mọ́ Wi-Fi yẹn á ka gbogbo rẹ̀ láìná détà rárá, torí pé inú yàrá náà gan-an ni ìwé wà, kò tòkèèrè wá.

Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kì í ṣe olè jíjà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ Wikipedia ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó pín in, kó tún un ṣe, bí ó bá ṣáà ti sọ ibi tó ti mú un, tó sì fi àṣẹ kan náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe pé ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan, o tún lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ sílé.

Kọ̀ǹpútà tí mo rà ni Raspberry Pi 4. Kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Mo fi díráífù SSD 500GB tì í, ráútà àlòkù kan tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, pánẹ́ẹ̀lì sólà, àti bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ló dáwó bátìrì àti sólà. Káfíńtà àdúgbò wa kan àpótí pákó tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru lè máa jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe sọ gbogbo rẹ̀ ní “Àpótí”. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.

Ìṣirò iná rọrùn. 12V lọ́nà 100Ah jẹ́ 1,200Wh. Bátìrì olómi kì í fẹ́ kí á fa iná rẹ̀ kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ láyé, nítorí náà 600Wh ló jẹ́ tiwa. Pi, díráífù àti ráútà pọ̀ ń jẹ nǹkan bíi 12W. Ìyẹn á tó wákàtí 50 bí oòrùn kò bá yọ rárá. Ní oṣù keje pàápàá, tí òjò Rẹ́mọ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ojú ọ̀run, oòrùn díẹ̀ á yọ láàárín ọjọ́ méjì.

Àmì mànàmáná

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹta. Mo tan án. Ó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Mo tún tan án, ó tún kú. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí n lè rí ojú rẹ̀, mo sì rí àmì mànàmáná kékeré kan tó ń yọ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún tó tún ń parẹ́. Àmì yẹn ni Pi fi ń sọ pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ òun ti lọ sílẹ̀ ju 4.63V lọ, nígbà tó jẹ́ pé 5V ló yẹ kó máa gbà.

Mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 5V, ó jẹ́ 5.1V. Lẹ́nu Pi, 4.5V. Ìyàtọ̀ náà sọnù sínú wáyà mítà mẹ́ta tí mo fà láti ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Wáyà náà tín-ín-rín, kò sì lè gba iná tó pọ̀ kọjá láìjẹ nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ra wáyà tó nípọn. Nígbà tó yá ni mo rò ó dáadáa. 7W ní 5V jẹ́ 1.4A. 7W kan náà ní 12V kò tó 0.6A. Bí iná tó ń sáré nínú wáyà bá ṣe kéré tó ni èyí tó ń sọnù ṣe ń kéré. Nítorí náà mo gbé ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 5V kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, mo gbé e wá sínú Àpótí, mo jẹ́ kí 12V gba ojú wáyà gígùn yẹn kọjá, mo sì fi wáyà tí kò gùn ju ìka lọ parí rẹ̀. Wáyà kan náà ni, n kò ra òmíràn. Mànàmáná kò yọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Káàdì èké

Èyí ò ní gùn. Mo ra mẹ́mòrì káàdì tí wọ́n kọ 512GB sí lára lọ́wọ́ oníṣòwò kan, torí mo fẹ́ kí ẹ̀dà kejì gbogbo ìwé wà níbòmíràn. Mo kó fáìlì sínú rẹ̀, ó gbà á, kò ké. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí wọn, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ àfi ti àkọ́kọ́. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní f3 ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: ó ń kọ nǹkan kún káàdì dé ẹnu, ó sì ń kà á padà. Ibi tí káàdì náà gbà ní tòótọ́ kò ju 32GB lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí káàdì tí mo ń gbé ìwé sí láìkọ́kọ́ fi f3 yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ló tà á fún mi.

Ìwé tó wọ mọ́tò

Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju 100GB lọ. Mo ṣírò owó détà rẹ̀, mo pa fóònù tì. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹkà lálẹ́. Wọ́n gbà láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àwọn máa gbà á wá díẹ̀díẹ̀, alẹ́ mọ́kànlá ni ó sì gbà. Torrent, ọ̀nà tí a fi ń gba fáìlì wá ní ẹ̀là-ẹ̀là, la lò, nítorí bí iná bá lọ, ibi tó dúró sí ló ti ń tẹ̀síwájú. Wikipedia Yorùbá kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó ti ní àròkọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ju ìlà mẹ́rin márùn-ún lọ. A tún mú àwọn ìwé ìtàn ọmọdé ti African Storybook, tí àṣẹ wọn gba dída kọ àti títúmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi díráífù sínú ike gàrí, wọ́n fi òwú ká a, wọ́n sì fi rán ọmọ wọn láti Berger. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní oríta Ṣágámù. Kí n tó dúpẹ́ ni mo ti ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí ìjókòó mọ́tò láti ṣe ìfiwéra òǹkà SHA-256: òǹkà gígùn kan ni tí ẹni tó ṣe fáìlì fi sílẹ̀, tó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà lọ́nà, òǹkà náà kò ní bára mu. Ó bára mu.

Fóònù tó ń sá

Ọjọ́ kìíní tí àwọn ọmọ wá, mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Wi-Fi inú Pi fúnra rẹ̀ ni mo ń lò, kò gbà wọ́n tán, ó ń já àwọn kan sílẹ̀. Ráútà àlòkù yẹn ló gbà wá. Mo fi wáyà so Pi mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kí ráútà máa pín Wi-Fi.

Ọ̀rọ̀ kejì yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Fóònù á so mọ́ Wi-Fi, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà á ti sá padà sórí détà rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà, kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rò pé Wi-Fi náà ti kú. Ọmọ á máa rò pé Àpótí ló ń kà, láìmọ̀ pé owó ìyá òun ló ń jó lọ. A ti lẹ ìwé mọ́ ògiri báyìí: pa détà kí o tó wọlé, bí fóònù bá bi ọ́ bóyá kó dúró lórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ló kọ ọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

Ìwé tiwa

Wikipedia ti wà nínú Àpótí. Ṣùgbọ́n Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ń rò di òní: “O ti kó ìwé gbogbo ayé wá sí Ìpẹ̀rù. Ìgbà wo lo máa kó ìwé Ìpẹ̀rù jáde?” Wọ́n ṣí àpótí ìrin kan tó wà lábẹ́ tábìlì. Álímáńáàkì ìjọ ló wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olóko kókó láti àwọn ọdún 1950, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ayẹyẹ, oríkì tí ẹnìkan fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀. Kòkòrò ti jẹ etí àwọn kan. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ̀dà yẹn nìkan ló ṣẹ́kù láyé.

Káfíńtà fi pákó méjì ṣe ibùsùn ìwé tó rí bíi lẹ́tà V, ó ṣí díẹ̀ ju igun tábìlì lọ, kí ẹ̀yìn ìwé tó ti gbó má baà kán. Gíláàsì tí mo yọ lára férémù fọ́tò ló ń tẹ ojú ìwé mọ́lẹ̀, gílóòbù LED méjì ń tàn sí i láti ọ̀tún àti òsì kí gíláàsì má baà dán padà, fóònù sì dúró lórí ọ̀pá igi. Ìwé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 nílò nǹkan bíi píkísẹ́ẹ̀lì 2,400 lóròó kó tó dé 300dpi, ìyẹn píkísẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínǹṣì kan, èyí tí wọ́n kà sí ìwọ̀n tó dára. Fóònù tó ní 12MP ń fúnni ní 4,000. Kò sídìí láti lọ ra ẹ̀rọ olówó ńlá.

Àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń ṣí ojú ìwé, wọ́n ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò rò ó pé wọ́n lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ ńkọ́? A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníǹkan ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, iṣẹ́ òǹkọ̀wé wà lábẹ́ ààbò títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó kú. Ẹni tó bá ti kú kí 1954 tó parí, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ènìyàn láti January 2025. Àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé kí n ya ìwé D. O. Fágúnwà sínú Àpótí. Mo ní rárá. Ọdún 1963 ni Bàbá Fágúnwà kú. January 2034 ni ìwé wọn tó bọ́ sílẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ̀dà bébà tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ni kí wọ́n kà, ẹ̀dà náà kò sì gbó rárá. Ní ti ìwé ètò ìsìnkú àti oríkì, a wá àwọn ẹbí lọ, a sì béèrè. Ìdílé kan kọ̀. A dá ìwé wọn padà sínú àpótí ìrin láìyà á.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Oṣù kẹfà. Mo ti kó ojú ìwé 1,100 sínú Àpótí. Mo fi Tesseract, ètò tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀, kà wọ́n. Ó ní ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú. Bàbá ń ṣàtúnṣe ohun tó bá kà sódì, ó sì pọ̀: ó máa ń rí ọ bíi q, ó sì máa ń gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ ṣ. Mo kọ́ ojú ìwé kan tí èèyàn lè fi wá ọ̀rọ̀ kiri nínú gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn.

Ọmọbìnrin kan jókòó, ó tẹ *oko*. Ó ń wá ìtàn ọkọ̀ ojú omi tí Bàbá ti sọ fún wọn. Kò rí nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde, ó ní, “Bùọ̀dá, kò sí nínú Àpótí.”

Ó wà níbẹ̀. Mo mọ ojú ìwé tó wà.

Mo rò pé torí kò fi àmì sí i ni. Mo jókòó, mo tẹ *ọkọ̀* dáadáa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kò sí nǹkan kan! Ó dùn mí ju káàdì èké lọ. Ilé ìkàwé tí a fi oṣù mẹ́rin kọ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá, èdè Yorùbá nìkan ni kò gbọ́.

Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òǹkà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ọ ní òǹkà tirẹ̀, ẹ náà ní, ò náà ní. Ṣùgbọ́n ọ̀, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní òǹkà kan ṣoṣo. Ńṣe la máa ń to méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Èèyàn lè fi ọ síwájú kó tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ó lè fi ò síwájú kó tó fi dọ́ọ̀tì sí i lẹ́sẹ̀. Ó lè fi o lásán síwájú kó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Bàbá fi ń ṣàtúnṣe ń tò ó lọ́nà kan, fóònù mi ń tò ó lọ́nà mìíràn. Àwọn fáìlì kan tí ọ̀rẹ́ Bàbá fún wa kò tilẹ̀ lo dọ́ọ̀tì rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà ni wọ́n lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé kan ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Kiwix ti mọ èyí. Bí ẹ bá tẹ *iwe irohin* nínú Wikipedia tó wà nínú Àpótí, láìsí àmì kankan, ó ń mú Ìwé Ìròyìn wá, èyí tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Èyí tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n.

Àtúnṣe náà kò pọ̀ nínú Python, èdè tí mo fi kọ ètò náà. Fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo tọ́jú ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kìíní ni èyí tí èèyàn ń kà, kò sí àmì tí a yọ lára rẹ̀. Ẹ̀dà kejì fara pamọ́: mo fi unicodedata.normalize("NFD", …) tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀, mo yọ gbogbo àmì kúrò, lókè àti nísàlẹ̀, mo sọ lẹ́tà ńlá di kékeré. Ọ̀rọ̀ tí olùwákiri bá tẹ̀ náà ń gba inú omi kan náà kọjá. Báyìí, *oko*, *ọkọ* àti *ọkọ̀* ń pàdé.

Ìyẹn náà mú wàhálà tirẹ̀ wá, torí *oko* tí kò ní àmì á kó oko tí a ń ro, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ ọdẹ àti ọkọ̀ ojú omi wá papọ̀. Nítorí náà mo fi kún un pé bí olùwákiri bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó bá a mu pátápátá ni kó wà lókè. Ẹni tó mọ àmì á jèrè rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́ àtijọ́ dé. Álímáńáàkì àti ìwé ẹgbẹ́ wa ti wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. *Aiye* ni wọ́n kọ, kì í ṣe ayé. *Enia, obirin, ọkọnrin, nwọn, yio.* Níbi tí a ti ń kọ *dáadáa* lónìí, *dãdã* ni wọ́n kọ, pẹ̀lú àmì tó tẹ́ lórí fáwẹ̀lì dípò kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó bá tẹ *obìnrin* kò lè rí obìnrin kankan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ olóko kókó, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń dá owó.

Mo lọ bá Bàbá. A jókòó ní Sátidé mẹ́ta gbáko, a jẹ ìkókoré ilé wọn, a sì kọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì sílẹ̀: ti àtijọ́ lápá òsì, ti òde òní lápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ 214 ló jáde. Mo fún ẹ̀rọ ní òfin kan sí i, pé fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó di ẹyọ kan nínú ẹ̀dà tó fara pamọ́, kí *dãdã* àti *dáadáa* lè bára wọn pàdé. Lóòótọ́, Dàdá onírun náà á máa yọjú láàárín wọn. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ mú méjì tí kò kàn wá, jù kó fi ọ̀kan tó kàn mí pamọ́.

Ọmọbìnrin yẹn padà wá ní ọjọ́ Ajé. Ó tẹ *oko*. Ó yí ojú ewé lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó rí i. Kò sọ nǹkan kan fún mi, ó ti ń kà.

Ẹ̀dà mélòó?

Ìgbìmọ̀ àdúgbò pè wá pé kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú, ṣebí gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tó dára ni. Mo sọ fún wọn nípa Internet Archive, ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé pè é lẹ́jọ́ ní 2020, ní September 2024 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá wọn láre. Ìwé tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n ti yọ kúrò lára èyí tó ń yá àwọn ènìyàn. Ní October 2024, àwọn ọ̀daràn orí ẹ̀rọ kọ lù ú, ó sì wọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù náà, October 2023 ni wọ́n kọ lù ú, odidi àkójọ orúkọ ìwé wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ilé ìkàwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣókùnkùn, ó dára kí àtùpà kan wà nínú ilé.

Ṣùgbọ́n Bàbá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọ́n sì sọ apá kejì rẹ̀. Wọ́n rán ìgbìmọ̀ létí Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń fọ́nnu rẹ̀. Ìwé tó fi ọwọ́ kọ, tó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láti tẹ̀, sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi rán. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú ìwé pélébé-pélébé tó kù, ọdún 1921 ni ó tó jáde. “Ẹyọ kan ṣoṣo nínú Àpótí wa,” ni Bàbá wí, “kò yàtọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ tábìlì.”

Nítorí náà ohun tí òfin àti àwọn ẹbí bá gbà wá láyè rẹ̀, ibi mẹ́ta ló ń lọ: Àpótí, díráífù kan nílé Bàbá, àti Wikimedia Commons, àkójọ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ Rẹ́mọ tó wà ní Kánádà ti lè rí i.

Ipò tí iṣẹ́ wà ní oṣù keje

Àpótí ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún láìkú. Bátìrì kò tíì lọ sílẹ̀ ju 12.2V lọ láàárọ̀. Gíláàsì kan fọ́, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé tí a kò tíì yà kù mọ́kànlélógójì. Ohùn àwọn àgbà tó ń sọ ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbà sílẹ̀ tẹ̀ lé e. N kò tíì ní èrò bí èèyàn á ṣe máa wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Màmá kan wọlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Ọmọ náà bá wọn tẹ orúkọ bàbá tó bí wọn lọ́mọ, láìsí àmì kankan. Ìwé ẹgbẹ́ olóko kókó ọdún 1956 jáde, orúkọ náà sì wà ní ìlà kẹsàn-án, pẹ̀lú iye owó tó dá. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gba fóònù, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sì wò mí.

“Ta ló kọ orúkọ bàbá mi báyìí?”

Mo ní èmi ni, Mà. Nínú ìwé náà kò ní àmì ohùn, èmi ni mo fi sí i.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. Gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níparí.”

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì. Mo yọ àmì ohùn òkè kúrò lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, mo tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà tún un wá. Màmá pè é láti ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí, wọ́n fa àga jáde, wọ́n sì ní kí ọmọ náà ka àwọn orúkọ yòókù fún àwọn láti òkè wá.